Láti Ṣakabùlà dé Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀: Níní, Títúnṣe àti Títọ́jú Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a kọ ọ́ sí òun? Apátí ni ẹ̀yà tí ń mú ìbọn yìn. Bí kò bá sí apátí, ìbọn di igi àti irin lásán. Síbẹ̀ kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò dúró kí a dojú rẹ̀ kọ òun. Òwe yìí wúlò nínú ọ̀rọ̀ àfiwé, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ọdẹ gan-an ni ó ti sú yọ.

Ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ìlú yòókù ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, níbi tí igbó àti oko kòkó ti yí ìlú ká, ìbọn ọdẹ kì í ṣe àjèjì sí ọmọdé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i lára ògiri ilé bàbá wọn àgbà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí níní ìbọn, títún un ṣe àti títọ́jú rẹ̀ túmọ̀ sí. Kókó rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín ìbọn tí ọwọ́ ń kì àti ìbọn tí ń ki ara rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi àṣà ti àkọ́kọ́ lo èkejì lè fi ẹ̀mí ṣòfò.

Ìbọn Nínú Ìtàn Ìjẹ̀ṣà

Òwò orí omi ni ó gbé ìbọn dé etíkun ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó dé ọwọ́ ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, ó di ọ̀kan lára ohun èlò Ògún, tí ó ni gbogbo irin. Láti ìgbà náà ni ìbọn ti wọ inú ìjálá, òwe àti ìbúra.

Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, fi hàn pé bí a ṣe ń ki ìbọn ṣe pàtàkì ju bí ìbọn ṣe pọ̀ tó lọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ran ará ilé lọ́wọ́ láti rí àwọn ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí, nígbà tí púpọ̀ nínú ìbọn Ìbàdàn jẹ́ èyí tí a ń ki láti ẹnu. Ẹni tí ń ki láti ẹnu ní láti dìde, kí ó da ẹ̀tù, kí ó sì fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń ki láti ìdí lè wà ní ìbùba rẹ̀. Èyí wà lára ohun tí ó ran àwọn ọmọ ogun tí Ògèdèǹgbé Iléṣà jẹ́ olórí fún lọ́wọ́ láti dúró gbọn-in, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886.

Bí Ìbọn Ṣe Ń Gba Ọta

Ẹni tí ń lo ṣakabùlà a kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a fi èkísà tẹ̀ ẹ́, a kó ọta lé e, a sì fi ọ̀pá ìkìbọn kì í dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò yìn. Bí ó bá ti ró, ó ti ṣófo. Ọdẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfàsẹ́yìn yìí, tí àwọn kan ń kà sí àléébù, wà lára ohun tí ń dáàbò bo ilé ọdẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìbọn ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tí ń lo kátíríìjì dé. Nọ́ńbà 12 tí a máa ń rí lára kátíríìjì kì í ṣe iye ọta inú rẹ̀. Bí a bá fi pọ́n-ùn òjé kan rọ bọ́ọ̀lù 12 tí ó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ni yóò bá fífẹ̀ ẹnu ìbọn náà mu. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì rọrùn láti yẹ̀ wò: bí a bá ti ṣẹ́ ẹ ní ìdí, ojú yóò rí i bóyá ó ní ọta tàbí kò ní.

Ti ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ yàtọ̀. John Browning, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ yọrí sí rere nínú irú ìbọn kátíríìjì bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́ ní 1902. Agbára tí ìbọn náà fi ń tì sẹ́yìn ni ó ń lò láti ta kátíríìjì tó ti jó dànù, kí ó sì fa òmíràn wọlé. Àwọn mìíràn, bíi Benelli M4 ti ilẹ̀ Ítálì, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yàn ní 1999, ń lo èéfín gbígbóná tí ó ti inú ẹnu ìbọn jáde fún iṣẹ́ kan náà. Nínú gbogbo wọn, kí ẹni tí ó yìn ín tó mí, ìbọn ti tún kún.

Níbí ni ewu wà. Ohun tí ó jẹ́ àmì òfìfo fún ṣakabùlà, ìyẹn ìró, ni ó jẹ́ àmì pé ìbọn tuntun ti tún múra. Ẹni tí ó bá yọ ilé ọta kúrò lára rẹ̀, tí ó sì rò pé ó ti ṣófo, lè gbàgbé èyí tí ó ti wọ inú ìdí ẹnu ìbọn tẹ́lẹ̀.

Ohun Tí Òfin Wí

Òfin Ohun Ìjà Oníná ti 1959, tí ó wà ní Orí F28 nínú Àkójọ Òfin Nàìjíríà ti 2004, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní ni èèwọ̀, àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Apá kejì ni ìbọn àdáni, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Apá kẹta ni àwọn tí a ń ki láti ẹnu, tí ṣakabùlà wà lára wọn; àwọn náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ gbígba àṣẹ.

Nígbà tí òfin náà ń ka ìbọn kátíríìjì mọ́ ìbọn àdáni, ó yọ èyí tí ń ki ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì yọ èyí tí a fi ẹ̀rọ kankan ràn lọ́wọ́ láti kì. Èyí kan àwọn tí a ń fà síwá-sẹ́yìn, tí aráyé ń pè ní pọ́ǹpù. Nítorí náà, ìwé àṣẹ ìbọn ẹlẹ́nu méjì kò bo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Òfin náà kò fẹ́ kí ìwé àṣẹ bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí. Àwọn àgbà ọdẹ pẹ̀lú kì í fa ìbọn lé oníbìínú àti ọ̀mùtí lọ́wọ́. Lórí èyí, òfin ìjọba àti àṣà ọdẹ fẹnu kò.

Títún Ìbọn Ṣe àti Ṣíṣe É Lọ́ṣọ̀ọ́

Kì í ṣe òde òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìbọn di ti ẹni tí ó ni ín. Ọdẹ a fi awọ ẹran bo ìdí ìbọn rẹ̀, a so okùn awọ mọ́ ọn kí ó lè gbé e kọ́ èjìká, a sì so oǹdè mọ́ ọn. Ní òkè òkun, àwọn tí ó ní ìbọn tuntun ń fi iná, ohun ìfojúsùn àti ìdí tí ó bá gígùn apá wọn mu kún un.

Ó yẹ kí a ya irú àtúnṣe méjì sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ń mú kí ìbọn bá ara ẹni tí ó ni ín mu. Èkejì ni èyí tí ń yí agbára ìbọn padà, bíi gígé ẹnu rẹ̀ kúrú. Ti èkejì ni òfin ń ṣọ́. Rírọ ìbọn pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ lè dáwọ́ lé láìgba àṣẹ. Ìdí wà fún èyí: ẹnu ìbọn tí ó ti sán, tí a kàn jó pọ̀, lè fọ́ mọ́ ọdẹ lójú.

Ìtọ́jú

Ẹ̀tù ṣakabùlà a máa fi eérú sílẹ̀, eérú náà a sì máa fa omi mọ́ra. Nínú ọ̀rinrin igbó Ìjẹ̀ṣà, ìbọn tí a kò fọ̀ lẹ́yìn ìṣọdẹ kì í pẹ́ dípẹtà. Ti ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí èérí èéfín bá di ọ̀nà rẹ̀, kátíríìjì lè há sí i láàárín iṣẹ́. Òróró díẹ̀ tó fún un. Àpọ̀jù òróró a máa mú eruku.

Ṣùgbọ́n kí aṣọ àti òróró tó kan ìbọn, ìyẹ̀wò ni ó ṣáájú. A ó dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí ènìyàn, a ó mú ìka kúrò ní apátí, a ó yọ ilé ọta, a ó ṣí ìdí rẹ̀, a ó sì fi ojú àti ìka wò ó pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, inú àpótí tí a tì ní kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ ẹ́, kí ọta sì wà ní ibòmíràn. Ara ògiri kò tó mọ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o lónìí lè gun àpótí dé ibẹ̀ lọ́la.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ń kọ́ni ní ìjálá tàbí òwe kò lè yẹra fún ọ̀rọ̀ ìbọn. Ó lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, kí ó sì fi òwe apátí ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ààbò: ọmọ tí ó bá rí ìbọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì lọ pe àgbàlagbà. Kò sí ìdí láti gbé ojúlówó ìbọn wá sí kíláàsì, bí ọdẹ tí ó ni ín tilẹ̀ búra pé ó ti ṣófo.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbọn ń yí padà, àti pé ìyípadà tí ó ṣe kókó jù ni ti kíkì rẹ̀. Ṣakabùlà ń fún olówó rẹ̀ láàyè láti ronú kí ó tó tún yìn. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ gba àyè náà kúrò. Ohun tí irin kò ṣe mọ́, ìwà ni yóò ṣe é. Àwọn tí ó pa òwe apátí kò rí irú ìbọn yìí rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ bí a ó ti ṣe sí i: ìbọn tí a rò pé ó ṣófo ni kí a bẹ̀rù jù.