Kí Lẹni Tó Ṣí Ìkànnì Yín Ń Wá?

Aṣọ òkè àti àdìrẹ ni ìdílé wa ń tà nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà. Nígbà tá a ṣí ìkànnì fún ṣọ́ọ̀bù wa, inú gbogbo wa dùn. A kọ ìtàn bí ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò náà, a yin aṣọ wa dáadáa, a sì to fọ́tò ńláńlá síbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ Sunday kan tí fóònù ìyá wa dún. Obìnrin kan tó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ló ń pè. Láti Kumasi ló ti wá, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa tá a tì pa ló sì dúró sí.

Ó ní: “Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìsinmi o. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mi ò ríbi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.”

Òótọ́ ló sọ. Ìyá wa wà níbi ìnáwó kan ní Tema. Kó tó dé ọjà, obìnrin náà ti wọ mọ́tò pa dà sí Kumasi, torí ó máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bówó ọkọ̀ ẹ̀ ṣe lọ lásán nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá wa sọ pé: “Ká ní èmi àti ẹ̀ la jọ wà ní ọjà ni, màá ti sọ fún un kó tó béèrè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là wá lójú. Tí oníbàárà bá dúró síwájú ẹni tó ń tajà ní Makola, ẹni náà máa ń wo ojú ẹ̀. Tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò yé e, á tún un sọ. Àmọ́ ìkànnì ò lójú tó fi ń wo oníbàárà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ẹni tó mọ̀ wá nìyẹn lè ṣiṣẹ́ fún. Àlejò tí ò mọ̀ wá rí ló sì sábà máa ń ṣí ìkànnì, odindi ọ̀rọ̀ ló yẹ ká sọ fún un.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà

Lọ́dún 1997, John Morkes àti Jakob Nielsen ṣèwádìí lórí báwọn èèyàn ṣe ń ka ìkànnì. Nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò, ìpín 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn ń sáré fojú wo ojú ìwé tí wọ́n ò rí rí. Ìpín 16 péré ló ń ka ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ kan nípa ibi ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Nebraska, l’Amẹ́ríkà. Wọ́n dín in kù sí nǹkan bí ìdajì, wọ́n tò ó kó lè rọrùn láti rí, wọ́n sì yọ gbogbo àpọ́nlé tó wà níbẹ̀ kúrò. Bó ṣe wúlò fáwọn tó kà á wá lé ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ńlá làwọn èèyàn ń lò nígbà yẹn. Ojú fóònù kékeré ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń wò báyìí, owó ni wọ́n sì fi ń ra dátà. Nígbà tí ilé íntánẹ́ẹ̀tì BusyInternet ṣí ní Accra lọ́dún 2001, iye àkókò tẹ́nì kan bá lò ló máa ń sanwó ẹ̀. Látìgbà yẹn títí dòní, ẹni tó ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sanwó ọ̀rọ̀ tá a bá kọ. Kò yẹ ká fowó ẹ̀ ṣòfò.

Ohun tá a rò pé gbogbo èèyàn ti mọ̀

A bi ìyá wa pé kí làwọn oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó ka márùn-ún: Èló ni? Yáàdì mélòó ni? Ibo lẹ wà? Ìgbà wo lẹ máa ń ṣí? Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí mi? A wo ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìkànnì wa. A ò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀, àfi àpọ́nlé.

Nígbà tá a jókòó láti dáhùn àwọn ìbéèrè yẹn, a rí i pé ó gba kéèyàn fara balẹ̀:

• Owó. Ní July 2007, Gánà yí owó ẹ̀ pa dà, 10,000 cedi àtijọ́ sì di cedi kan. Ó ṣì ku àwọn tó máa ń pe 100 cedi ní mílíọ̀nù kan. Torí náà, iye owó tuntun nìkan la kọ, a sì fi àmì GH₵ síwájú ẹ̀.

• Aago. Tí aago 9 bá lù ní Accra, aago 10 ti lù l’Ékòó àti ní Cotonou. “Aago Gánà” la kọ.

• Nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó wà lókè òkun ò lè fi 0 nìkan bẹ̀rẹ̀. +233 la fi bẹ̀rẹ̀ tiwa.

• Déètì. Ẹnì kan lè ka 5/6 sí June 5, kí ará Amẹ́ríkà kà á sí May 6. Ẹ kọ orúkọ oṣù.

• Àdírẹ́sì. Lọ́dún 2017, ìjọba Gánà gbé ètò àdírẹ́sì orí fóònù tó ń jẹ́ GhanaPostGPS jáde. A kọ tiwa síbẹ̀, a sì tún sọ ohun téèyàn máa rí ládùúgbò náà.

Bá a ṣe tún un kọ

Ohun tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ni: “Ẹ káàbọ̀ sí ilé aṣọ tí kò lẹ́gbẹ́, níbi tí ẹwà àti àṣà ti pàdé.” Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: “A ń ta aṣọ òkè àti àdìrẹ ní Accra. A máa ń ṣí láti Monday sí Saturday, aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, aago Gánà. A kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.”

A ò ju ìtàn ìyá wa nù. Ó ní ojú ìwé tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á máa rí i. Níbi tá a kọ “Tẹ ibí” sí tẹ́lẹ̀, a kọ “Wo iye owó aṣọ òkè,” kẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lè mọ ibi tó ń lọ. A dín fọ́tò kù. A sì yọ iye owó kúrò nínú fọ́tò, torí pé fóònù tó máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú lè má rí i kà níbẹ̀. A fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá wa, torí pé tẹ́ ẹ bá kọ “owo” lásán, ó lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn náà, a gbé fóònù fún ọmọ aládùúgbò wa tí kò rí ìkànnì náà rí. A ní kó wá aago tá a máa ń tì. A ò ràn án lọ́wọ́, ṣe la kàn ń wò ó. Ibi tí ìka ẹ̀ ti ń ṣiyèméjì la tún ṣe. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín, ì báà jẹ́ ìkànnì ṣọ́ọ̀bù, ti ẹgbẹ́ tàbí ti ilé ìwé àwọn ọmọ yín lẹ̀ ń kọ.

Ìyá wa pe obìnrin tó wá láti Kumasi. Ó sọ fún un pé: “Ìyá Ìyàwó, ẹ má bínú. Àṣìṣe wa ni.” Obìnrin náà ti ra aṣọ níbòmíì. Àmọ́ ó gbà láti wo ohun tá a tún kọ. Kò pẹ́ tó fi pè pa dà.

Ó ní: “Ó ti dáa báyìí. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ bóyá ẹ máa ń ṣí ní March 6, lọ́jọ́ òmìnira.”

A fi kún un lọ́jọ́ yẹn gan-an.