Odi Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Wó

Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní Tihama, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná tó tẹ́ lọ lẹ́bàá Òkun Pupa ní ilẹ̀ Yemen, àgbàrá abìjàwàrà yìí gan-an ni àgbẹ̀ ń fojú sọ́nà fún, nítorí òjò orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kò tó fi gbin ọkà bàbà, èyí tó sì rọ̀ sórí òkè ní ìlà-oòrùn ni í ya wálẹ̀ lójijì, tí í kún odò gbígbẹ fún wákàtí mélòó kan, tí í sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí omi tó dé ni wọ́n ti í fi yẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀ka igi mọ odi dábùú odò náà. Odi yìí ni yóò darí omi sí ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún un, títí dé oko tí a fi ògiri ilẹ̀ yí ká, níbi tí yóò dúró sí títí ilẹ̀ yóò fi mu ún yó. Wọn a wá já ògiri náà kí omi lè wọ oko aládùúgbò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń gbin ọkà, omi tó wà nínú ilẹ̀ nìkan ni ó sì lè gbé e dé ìkórè. Ẹrẹ̀ tí àgbàrá kó bọ̀ láti òkè ni ajílẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin tó ń ka Àlùkùránì yóò rántí odi Marib tí àwọn ará Ṣébà mọ láyé àtijọ́ ní Yemen yìí kan náà, tó gùn tó nǹkan bí 600 mítà: òun náà, kì í ṣe láti tọ́jú omi pamọ́ ni wọ́n ṣe mọ ọ́n, bí kò ṣe láti gbé omi sókè dé ẹnu ọ̀nà méjì tó ń pín in sí oko ọ̀tún àti ti òsì.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àìlágbára odi yẹ̀pẹ̀ náà gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, odi a wó, ewu a fo oko ẹni òkè, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, tí òfin àtijọ́ ti ní kí wọ́n dúró de àwọn ará òkè, a sì rí ìpín tiwọn gbà. Omi tí èèyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n wá fi kọnkéré mọ odi tí kì í wó sí Wadi Zabid, ọ̀kan nínú àwọn odò Tihama, ní àwọn ọdún 1970, tí àwọn olóko òkè gba omi mọ́ra, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí oko ìsàlẹ̀ sì ń gbẹ.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan fi ń dábàá báyìí pé kí kọnkéré mọ sí ẹnu ọ̀nà omi, kí a fi yẹ̀pẹ̀ dí àárín odò, kí àgbàrá ńlá lè já a, kí katapílà sì tún un mọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi yóò sì ti pọ̀ tó kí odi náà tó já, tòkè-tìsàlẹ̀ ni yóò jọ jókòó sọ ọ́.