Ẹ̀bùn gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìwúrí nínú Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára: Àyẹ̀wò Ipò Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjọrà

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinniyinni kí ẹni ṣe mìíràn. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní Èkó ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ẹ̀kọ́ bọ́ sórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Kò sí olùkọ́ nítòsí mọ́ tí yóò ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó gbìyànjú. Máàkì, báàjì àti ìràwọ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi rọ́pò àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó kan olùkọ́ ni pé: kí ni ó tọ́ kí ọmọ gba ẹ̀bùn lé lórí?

Èrò àwọn onímọ̀
Skinner gbà pé ìwà tí èrè bá tẹ̀lé yóò tún wáyé. Ṣùgbọ́n Lepper, Greene àti Nisbett (1973) fi hàn pé ewu ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Nígbà tó yá, àwọn wọ̀nyí kò yàwòrán mọ́ tó àwọn tí kò gba ìlérí kankan. Fryer (2011) náà rí i pé owó tí wọ́n san lórí máàkì ní New York kò so èso. Àwọn tí ipa owó hàn lára wọn ni àwọn ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Dallas, tí wọ́n ń gba dọ́là 2 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kà. Ìwé kíkà wà ní ìkápá ọmọ. Máàkì kò fi gbogbo ara wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan Ìjọrà
Ní Ìjọrà-Badia, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé yàrá kan. Bí ó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, tí ìyá sì mú un lọ sọ́jà, ó di alẹ́ kí ọmọ tó rí i lò, bí iná àti dátà bá wà. Olùkọ́ tó ń fún ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní ìràwọ̀ ń san èrè fún fóònù, kì í ṣe fún ọmọ. Ọmọ tó bá sì ti rí i pé òun kò lè bá ẹgbẹ́ du ipò yóò jáwọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Ojú-ìwé tí ọmọ kà àti àṣìṣe tó tún ṣe ni kí olùkọ́ yìn. Kí ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Kí ó fi ọmọ wé ara rẹ̀, kí ó má fi wé ẹlòmíràn. Kí ó sì dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe dáadáa gan-an nínú ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ̀, kí òbí náà lè gbọ́.