Kẹ̀kẹ́ Láti Ibi Iṣẹ́: Ẹ Ṣírò Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa mú lẹ́tà kan tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ wá. Lẹ́tà náà sọ pé ó lè gba kẹ̀kẹ́ tuntun, kí ó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù, àti pé ìjọba kò ní gba owó-orí lórí owó náà. Ó bi wá pé, "Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ nìyí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tilẹ̀ ní òun kò fi Nàìjíríà sílẹ̀ wá sílùú òyìnbó kí òun tún wá máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ṣírò rẹ̀, ẹ̀rín náà dín kù. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ìwé òwò wa.

Kì í ṣe gbájúẹ̀. Cycle to Work ni wọ́n ń pe ètò náà. Òfin ìṣúná ọdún 1999 ló dá a sílẹ̀, nígbà ìjọba Tony Blair, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dín mọ́tò wíwà lọ síbi iṣẹ́ kù. Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹ kò ra kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Ọ̀gá yín, tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá yín ṣètò rẹ̀, ló rà á, tí wọ́n wá fi háyà fún yín, oṣù 12 ló sì sábà máa ń jẹ́. Owó háyà yìí ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó oṣù yín kí wọ́n tó ka owó-orí àti National Insurance. Salary sacrifice ni orúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí i lórí ìwé owó oṣù yín. Bí owó oṣù yín bá kéré sí i lójú ìwé, iye tí ìjọba máa bù níbẹ̀ náà á kéré sí i. Ibẹ̀ nìkan ni èrè rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rò pé wọ́n ń ta òun lọ́rẹ kẹ̀kẹ́ ti ṣì í gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú kẹ̀kẹ́ £480, kí akoto, iná àti àgádágodo wà nínú owó yẹn. Bí a bá pín in sí oṣù 12, £40 ni wọn yóò máa yọ lóṣù. Ẹni tó wà ní ìpele owó-orí àkọ́kọ́ ń san 20 nínú ọgọ́rùn-ún, National Insurance sì ti di 8 láti April 2024. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28. Nínú £40 yẹn, £11.20 ì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba bó bá jẹ́ pé ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí owó oṣù. Nítorí náà £28.80 péré ni yóò dín nínú owó tó ń wọ báńkì yín, èyí tó jẹ́ £345.60 lọ́dún. Ẹni tó wà ní ìpele 40 ń jèrè 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń gba owó jù ló ń jèrè jù. Àwa kọ́ la ṣòfin.

Ìparí ọdún kìíní ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ ti sanwó fún oṣù 12, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò tíì di tiyín. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn, HMRC yóò kà á sí ẹ̀bùn tí ẹ gbọ́dọ̀ san owó-orí lé lórí. Ní 2010 ni HMRC gbé ìlànà kan jáde tó sọ iye tí kẹ̀kẹ́ àlòkù yẹ kó jẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó £500 yóò jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọdún kan, yóò sì wálẹ̀ sí ìdá 3 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Èyí tó bá tó £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ìdá 25 lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 7 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ £480 wa yìí pátápátá lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó fi £86.40 kún un. Gbogbo rẹ̀ á di £432, èrè yín kò sì ju £48 lọ. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ £600 ni, ẹ ó ti san £432 láti inú owó oṣù, ẹ ó tún san £150. Èrè £18! Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò yìí sábà máa ń fún yín láǹfààní mìíràn: kí ẹ san ìdá 3 tàbí ìdá 7 yẹn sílẹ̀, kí ẹ máa lo kẹ̀kẹ́ náà lọ fún ọdún mẹ́ta sí i láìsan owó oṣù kankan mọ́, kó wá di tiyín. Lọ́nà yìí, £14.40 lẹ ó fi kún ti kẹ̀kẹ́ £480. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £360, èrè yín sì jẹ́ £120. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè pé, "Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12, èló ni màá sì san?" Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé fún yín.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù wá kù. Òfin kò gbà kí àdéhùn yìí fa owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wálẹ̀ kọjá owó tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Fún ọdún owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2026, £12.71 ni ní wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Bí ẹ bá ń gba £13 tí ẹ sì ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ààyè tó wà fún yín jẹ́ bíi £50 lóṣù, kẹ̀kẹ́ £480 á wọlé. Bó bá jẹ́ £12.71 gan-an lẹ ń gbà, kò sí ààyè rárá. Ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dún kò sì ju £12,570 lọ kì í san owó-orí, kò sí ohun tí ó máa jèrè níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù ní Trafford Park, tí wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì láago márùn-ún ìdájí, àwọn gan-an ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ara wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun kò lè gba kẹ̀kẹ́!

Ẹ tún ro ọ̀rọ̀ fífi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Wọ́n yọ gbogbo owó háyà tó kù lẹ́ẹ̀kan náà nínú owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ka owó-orí. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí, kò kà á ni. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù ná. Bí ẹ bá ń retí ọmọ, ẹ rántí pé owó oṣù tó dín kù lè mú kí owó ìsinmi ìbímọ dín kù. Àwọn tó wà ní NHS, owó ìfẹ̀yìntì yín náà lè fara gbá a. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà iṣẹ́, ẹ bi HR ní kíkọ sílẹ̀ bóyá yíyọ owó yìí kan iye tí wọ́n kọ sórí Certificate of Sponsorship yín. £120 kò tó ohun tí a fi físà wéwu.

Bí ẹ bá ti ro gbogbo èyí tó sì bá yín mu, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Ẹ bi HR bóyá wọ́n wà nínú ètò náà, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, ẹ kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ tí ẹ ó mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Láti June 2019 ni ìjọba ti jẹ́ kó yé àwọn ọ̀gá pé ó lè ju £1,000 lọ, nítorí náà kẹ̀kẹ́ oníná náà ṣeé gbà. Ó kàn jẹ́ pé ó kéré tán, ìdajì ìrìn yín lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́. Fún àwọn tó ń lọ láti ilé aláìsàn kan sí èkejì, ìyẹn náà wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọ̀nà, Manchester ti yàtọ̀ sí bí a ṣe bá a. Oxford Road àti Wilmslow Road ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba ẹ̀yìn ibùdó bọ́ọ̀sì kọjá, ó dára fún àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn Royal Infirmary. Fallowfield Loop, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, máa ń dùn lọ́sàn-án. Lóru, àwa kò ní gba ẹni tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nímọ̀ràn láti gba ibẹ̀. Iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn jẹ́ òfin lóru. Òfin kò fi dandan lé akoto, ṣùgbọ́n ẹ dé e.

Ẹ má fi owó àgádágodo ṣe ahun o. Mobike, tó gbé kẹ̀kẹ́ ìyálò wá sí Manchester ní 2017, kó ẹrù rẹ̀ lọ ní 2018 nítorí pé wọ́n ń jí wọn, wọ́n sì ń bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá jí tiyín, ẹ ó ṣì máa san owó háyà títí yóò fi pé, nítorí náà ẹ bi àwọn onínṣọ́ránsì ilé yín bóyá wọ́n á fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ̀yin náà lè wọ ètò yìí. Láti April 2025, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni National Insurance tí ọ̀gá ń san, ẹ kò sì ní san án lórí owó tí òṣìṣẹ́ yín fi sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ fi lọ gbogbo òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹbí nìkan.

Ní ti arábìnrin wa tó mú lẹ́tà wá, kẹ̀kẹ́ £480 ló mú. Ẹni tó bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ̀ méjì, a ó jọ ṣírò rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.