Ọjọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé, inú rẹ̀ ń dùn. Lára àwọn àwòrán tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ nígbà kan, ó rí ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà.

"Bàbá, ẹ wò ó, ọdún 2005 lẹ ya ilé yìí. Ẹni tó ń bá wa du ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọdún 2009 ló dé abúlé. Ẹjọ́ ti bùṣe."

Èmi ni mo ya àwòrán náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, ẹsẹ̀ mi kò tíì tẹ abúlé yẹn rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé n kì í fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sílẹ̀ láìtú u palẹ̀.

Kí ló wà lẹ́yìn fótò?

Ẹ rántí fótò ayé àtijọ́. Bí a bá yí i padà, a ó rí òǹtẹ̀ ayàwòrán lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì rí ohun tí ẹnì kan fi báírò kọ: orúkọ, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti yà á. Àwòrán orí fóònù náà ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe ń ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà: ọjọ́ àti aago, irú kámẹ́rà, bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ṣe pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní metadata. Èmi ń pè é ní àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn àwòrán. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ṣí àwòrán, kí ẹ fi ìka tì í sókè, ẹ ó rí i. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí fáìlì, kí ẹ wọ Properties, lẹ́yìn náà Details.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Exif ni èyí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń kọ. Jàpáánù ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1995. IPTC ni ti àwọn oníròyìn, tí wọ́n fi ń kọ àkọlé àti orúkọ ayàwòrán. XMP ni ilé iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 2001. Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa gan-an o. Títí di 2023 tí Exif 3.0 jáde, àyè tí Exif ní fún àpèjúwe àwòrán àti orúkọ ayàwòrán kò gbà ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán lọ. Ẹ kọ "Ẹgbẹ́dá" síbẹ̀, ó lè di àmì ìbéèrè tàbí wúruwùru. Inú XMP ni kí ẹ máa kọ Yorùbá sí. Ó gba àmì ohùn, ó sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà.

Fóònù tún máa ń kọ ibi tí ẹ dúró sí, bí ẹ bá gbà á láyè. Nọ́ńbà méjì ni: Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.4 àríwá àti 3.9 ìlà-oòrùn. Nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn àmì dẹ́símà ti tó láti tọ́ka síbi kan láàárín nǹkan bí mítà 11. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ rántí oko kan ní Lágelú tàbí Akínyẹlé tí ọ̀nà ibẹ̀ kò ní orúkọ. Kò dára fún ẹni tó ń gbé àwòrán ibi tó ti ń sin adìẹ síta, kí olè má baà mọ̀nà débẹ̀. John McAfee, tí àwọn ọlọ́pàá Belize ń wá ní 2012, irú nọ́ńbà báyìí nínú àwòrán tí ìwé ìròyìn kan gbé jáde ló tú u fó pé Guatemala ló wà.

WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lásán. Bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹbí ọmọ yìí nìyẹn.

Aago tó ṣìnà

Kámẹ́rà kò mọ ọjọ́. Ohun tí aago inú rẹ̀ bá wí ló ń kọ. Fóònù ń gba aago láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kámẹ́rà àtijọ́ bíi tèmi, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló ń wò. Bátìrì tèmi kú pátápátá fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí iná padà sí i lára, aago rẹ̀ padà sí 1 oṣù kìíní 2005, ọjọ́ tí wọ́n ṣètò rẹ̀ sí nílé iṣẹ́. N kò wò ó. Ẹ̀bi mi ni.

Báwo la ṣe rí òtítọ́? Nínú káàdì kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, mo ya ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan nínú agbo ilé náà: Sátidé, 15 oṣù kọkànlá 2014. Mo tún ya àwọn àlejò nínú pálọ̀. Aago ara ògiri wà ní 10:14, kámẹ́rà sì kọ 02:14. Aago tó ṣìnà ṣì ń rìn déédéé, nítorí náà iye kan náà ni gbogbo àwòrán ọjọ́ yẹn fi ṣìnà: ọdún 9, oṣù 10, ọjọ́ 14 àti wákàtí 8.

Irinṣẹ́ tí mo lò ni ExifTool, iṣẹ́ Phil Harvey ará Kánádà, ọ̀fẹ́ ni. Mo kọ́kọ́ da àwọn àwòrán náà kọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà mo kọ èyí, orúkọ fódà ló wà níparí:

exiftool "-AllDates+=9:10:14 8:0:0" Akanran

ExifTool fúnra rẹ̀ tún máa ń tọ́jú fáìlì ti tẹ́lẹ̀, á fi _original kún orúkọ rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́. Níkẹyìn, mo kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé aago kámẹ́rà ṣìnà, iye tí mo fi kún un, àti bí mo ṣe mọ̀.

Ta ló máa mọ̀?

"Bàbá," ni ọmọ náà wí, "ta ló máa mọ̀? Ẹ ṣáà fi 2005 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́, kámẹ́rà ló kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà mú mi dákẹ́ díẹ̀, torí ó fẹ́ jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rọrùn fún mi láti fi ọdún 9 kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn fún ẹlòmíràn láti yọ ogún ọdún. Àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn àwòrán kì í dá jẹ́rìí. Ó ń fẹ́ ẹni tó lè sọ bí aago ṣe wà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011 pàápàá béèrè pé kí ẹ̀rọ tó mú ìwé ẹ̀rí jáde jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Bí agbẹjọ́rò bá wá bi mí nípa aago kámẹ́rà mi ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ọmọ náà fajú ro. A jọ wo àwọn àwòrán tó kù. Lẹ́yìn ilé, nítòsí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ìlà pèrègún kan wà tó ga ju orí ènìyàn lọ. Ohun tí ẹnìkejì sì ń sọ ni pé 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín láti fi gba ilẹ̀. Àwòrán 2014 kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé pèrègún náà ti wà níbẹ̀, ó sì ti dàgbà. Ó kéré sí ohun tí ọmọ náà ń wá. Àmọ́ mo lè dúró lé e níwájú àwọn àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ ṣọdún ní abúlé, ẹ wo aago kámẹ́rà yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ya ohun kan tó ní ọjọ́ lára: kàlẹ́ńdà, ìwé ìròyìn, ìwé ètò. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn àgbà tó wà nínú àwòrán sínú àpèjúwe, nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Kò sí kámẹ́rà tó lè bá yín kọ ìyẹn.