Lekhala Kharatsa, Ewéko Orí Òkè Maluti

Lórí òkè Maluti ní orílẹ̀-èdè Lesotho, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 2,000 mítà lọ, ewéko kan wà tí kì í dá hù níbòmíràn láyé. Lekhala kharatsa ni àwọn Basotho ń pè é. Aloe polyphylla ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Ẹbí ni òun àti etí erin tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ etí erin nìkan kò tíì rí iṣẹ́ àrà tó wà nínú ẹbí náà.

Kò ní igi kankan tó gbé e ró. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, tí ewé rẹ̀ tó nípọn yí àárín ká. Bí ó bá dàgbà tán, ewé yìí lè jẹ́ 75, ó sì lè tó 150, ọ̀wọ́ márùn-ún sì ni gbogbo wọn tò sí. Àwọn ọ̀wọ́ náà kì í lọ tààrà. Láti àárín ni wọ́n ti ń yí bọ̀ wá síta bí ìlà ara ìkarahun ìgbín. Òmíràn yí sọ́tùn-ún, òmíràn yí sósì. Àwọ̀ ewé náà pò mọ́ eérú díẹ̀, ẹ̀gún kéékèèké funfun wà létí rẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú, ó le, ó mú. Èmi kò mọ ewéko mìíràn tí ètò ara rẹ̀ hàn sójú kedere tó báyìí. Síbẹ̀, nígbà tó bá wà ní kékeré, ewé rẹ̀ kì í yí rárá. Ó di ẹ̀yìn ọdún mélòó kan, nígbà tó bá ti fẹ̀ dáadáa, kí ènìyàn tó mọ apá ibi tó máa yí sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aginjù nìkan ni irú ewéko yìí ń gbé. Ti Maluti kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, kùrukùru ń bo òkè, nígbà òtútù sì rèé, òjò dídì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ló ń gbà á là. Àárín àpáta dúdú ni ó ń ta gbòǹgbò sí, omi á dé ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì kọjá lọ. Bí omi bá dúró tì í, jíjẹrà ló kàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, tí òtútù ibẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó máa ń yọ ìtànná pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹyẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, tí akọ rẹ̀ ń dán ní àwọ̀ ewé, ló máa ń wá fa oje rẹ̀ mu, tí á sì gbé àtíkè òdòdó kan dé ara òmíràn. Bí ẹyẹ náà bá ṣe ń dínkù lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn ń ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló burú jù. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń hú u, tí wọ́n ń tà á fún ẹni tó fẹ́ ẹ sínú ọgbà. Ó dùn mí gan-an, nítorí èyí tí wọ́n bá hú lórí òkè kì í sábà yè: gbòǹgbò tí omi tútù àti ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ ti mọ́ lára kò lè fara da ilẹ̀ gbígbóná. Olówó á ra òkú, òkè á sì pàdánù ìyá tó yẹ kó so irúgbìn. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 ti fi í sí ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tó nílò ààbò, nítorí náà èèwọ̀ ni kí wọ́n hú u nínú igbó kí wọ́n sì kó o gba ẹnubodè lọ tà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni hú u. Irúgbìn rẹ̀ tó bá ṣì tuntun ń hù dáadáa, àwọn olùtọ́jú ọgbà sì ti ń gbìn ín láti inú irúgbìn láìfọwọ́ kan èyí tó wà lórí àpáta. Sùúrù nìkan ni irú èyí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á.