Ẹni Tó Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Kò Pàdánù Owó Ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ o. Látijọ́, ẹni tó bá fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé, ọwọ́ òfo ló ń bá lọ. Òfin ọdún 2014 yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá ń fi 10 sí i. Tòṣìṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Bí ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún bá kọ̀wé sílẹ̀ láti wá tajà l'Ọ́jà Ọba, tí kò ríṣẹ́ oṣù mìíràn láàárín oṣù 4, ó lè gba ìdámẹ́rin. Ìyókù di ìgbà tó bá pé 50. Nítorí náà, ẹ má sọ nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín nù o!

Akọ̀wé Ẹgbẹ́